Awó, Ṣakabùlà àti Ìbọn Ìléwọ́: Ìtàn Ọdẹ Ẹyẹ ní Ẹkùn Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rò ní Ìpínlẹ̀ Kwara

Ìfáàrà

Ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti ti Òkè-Ẹ̀rò ní Ìpínlẹ̀ Kwara wà ní ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Ẹni tó bá gbéra láti Òsì, tó gba Àrárọ̀mí-Òpin kọjá, tó sì yà sí Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá, yóò rí òkè olókùúta, oko iṣu, oko àgbàdo, ọ̀pẹ díẹ̀díẹ̀ létí odò, àti pápá koríko tí iná ń jó lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irú ilẹ̀ báyìí ni awó fẹ́ràn. Awó kì í gbé àárín igbó dídí, nítorí pé ẹyẹ tó ń sáré ju kí ó máa fò lọ ni. Ó nílò ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti ráyè. Síbẹ̀, kò lè gbé ibi tí kò sí igi, nítorí pé orí igi ni agbo rẹ̀ ń sùn lálẹ́.

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn ọdẹ ẹkùn yìí ṣe ń fi ìbọn àtijọ́ dọdẹ awó, irú ìbọn tí wọ́n lò, irú èyí tí wọn kò lò bó tilẹ̀ wà ní ìlú, àti ìdí tí ìbọn náà fi wà lọ́wọ́ wọn títí di òní nígbà tí ayé ti fi í sílẹ̀. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni pé ọdẹ Yorùbá kò fẹ́ ìyípadà. Ìdáhùn náà kò bá ẹ̀rí ìtàn mu, bí yóò ṣe hàn níwájú.

Ọ̀rọ̀ lórí orúkọ ẹyẹ náà

Nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹyẹ tí ọdẹ ń fi ìbọn àtijọ́ lépa nínú igbó ni tòlótòló. Kò sí tòlótòló inú igbó ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sì sí ní ibikíbi ní Áfíríkà. Amẹ́ríkà ni ẹyẹ náà ti ṣẹ̀, àwọn oníṣòwò Yúróòpù ló sì gbé e kiri ayé. Orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ jọ igbe ẹnu rẹ̀. Àwọn Hausa náà ń pè é ní talotalo.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ni pé àwọn òyìnbó fúnra wọn kò kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹyẹ méjèèjì. Awó ti Áfíríkà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fún ní orúkọ ilẹ̀ Tọ́kì, nítorí pé ọwọ́ àwọn oníṣòwò tó gba ilẹ̀ náà kọjá ni wọ́n ti ń rà á. Nígbà tí ẹyẹ Amẹ́ríkà dé, wọ́n gbé orúkọ kan náà fún un, wọ́n sì wá ń pe awó ní adìyẹ ilẹ̀ Gínì. Linnaeus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden, tẹ̀ lé àṣìṣe yìí: Meleagris tó fi sọ tòlótòló lórúkọ jẹ́ orúkọ tí àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ń pe awó. Nítorí náà, ẹni tó bá wá tòlótòló inú igbó dé Òsì tàbí Ìlọ́fà kò ṣìnà jìnnà. Awó ni yóò bá níbẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ni orúkọ náà.

Ní èdè Yorùbá, a ń pe awó ní ẹtù pẹ̀lú. Ibi yìí ni àmì ohùn ti di ọ̀rọ̀ pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ẹtù ni ẹyẹ. Ẹtu ni ẹran inú igbó tó ní ìwo kékeré. Ẹ̀tù ni èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìbọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ọdẹ. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá fi àmì sílẹ̀, òǹkàwé kò ní mọ ohun tí ọdẹ fi pa á, kò sì ní mọ ohun tí ọdẹ pa.

Bí ìbọn ṣe dé

Ìbọn kì í ṣe ohun ìbílẹ̀. Kí ó tó dé, ọfà, ọ̀kọ̀, tàkúté àti okùn ni ọdẹ ń lò. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, fi hàn pé ìbọn tí àwọn Ìjẹ̀bú gbé wá sí ogun Òwu ní àwọn ọdún 1820 wà lára ohun tó yí ìjà ilẹ̀ Yorùbá padà. Àwọn tó wà nítòsí etíkun ló kọ́kọ́ ní i. Díẹ̀díẹ̀ ló gòkè wá sí ilẹ̀ Èkìtì àti agbègbè tó wà lábẹ́ Ìlọrin.

Ìbọn gígùn tí a ń ki láti ẹnu, tí òkúta ń tanná fún, ni Yorùbá ń pè ní ṣakabùlà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì so ó mọ́ orúkọ àwọn ará Denmark, tí wọ́n ní odi ìṣòwò ní etíkun ilẹ̀ Gánà òde òní kí wọ́n tó tà á fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Ṣùgbọ́n Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí ti wá. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú náà kò jókòó lásán. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ òmíràn. Ní òde òní, irin ọ̀pá omi àti irin ara ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ojú ìbọn.

Ìbọn ìléwọ́, èyí tó kúrú tí a ń fi ọwọ́ kan yìn, bá ṣakabùlà wọlé. Kì í ṣe ọdẹ ló ń wá a. Ohun ọlá ni, ohun ìjagun sì ni pẹ̀lú: balógun tó gun ẹṣin nílò ọwọ́ kan fún ìjánu, kò sì lè ki ìbọn gígùn lórí ẹṣin. Ẹ̀rí tó dára jù lọ fún èyí kò sí nínú ìwé, inú iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére ẹkùn náà ló wà.

Òsì ni Àrẹ̀ógún gbé, ẹni tí wọ́n ní a bí ní nǹkan bí 1880, tó sì kú ní 1954. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, bá Bàbá Kevin Carroll ti ìjọ Àgùdà ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọnà tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láàrin 1947 sí 1954, níbi tí Lámidì Fákẹ́yẹ náà ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Odò-Ọwá ni Bámigbóyè wà, ẹni tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn odidi fún iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022. Lára ère tí ẹkùn yìí fi gbajúmọ̀ jù ni orí Ẹ̀pà, tí àwọn ìlú kan ń pè ní Ẹlẹ́fọ̀n: jagunjagun á jókòó lórí ẹṣin, á fi ọwọ́ kan di ọ̀kọ̀ mú, ìbọn ìléwọ́ á sì wà ní ọwọ́ kejì nínú àwọn kan. Lára ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ ní Òsì àti agbègbè rẹ̀, ọdẹ náà kò ṣàìfarahàn, ṣùgbọ́n ìbọn gígùn ni ó máa ń gbé kọ́ èjìká. Àwọn agbẹ́gilére mọ ẹni tó ni ìbọn kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í fi ti balógun fún ọdẹ.

Ìdí tí ọdẹ awó kò fi lo ìbọn ìléwọ́

Ìdí àkọ́kọ́ wà nínú ìwà ẹyẹ náà. Nígbà òjò, awó máa ń pín sí akọ àti abo. Abo á yé ẹyin sínú ihò kékeré lábẹ́ koríko, ẹyin náà á sì pa láàrin ọjọ́ 26 sí 28. Àwọn àgbẹ̀ tó bá rí ẹyin náà máa ń kó o sábẹ́ adìyẹ ilé kí ó bá wọn sàba lé e, ọ̀nà yìí sì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ní awó láìyin ìbọn kankan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á kóra jọ di agbo, wọ́n á máa rìn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ lọ mu omi, wọ́n á sì máa tú ilẹ̀ wá èso, gbòǹgbò àti kòkòrò. Agbo tó bá wọ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lè tú irúgbìn jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan. Èyí ló fà á tí àgbẹ̀ kì í fi bínú sí ọdẹ awó.

Awó ní ojú púpọ̀. Bí ọ̀kan nínú agbo bá rí ohun tí kò yé e, igbe tó bá ké yóò ta gbogbo wọn jí, wọ́n á sì ti sáré wọ koríko kí ọdẹ tó gbé ìbọn dé èjìká. Ọdẹ kò lè sún mọ́ ọn tó bí ìbọn ìléwọ́ ṣe ń fẹ́. Ojú ìbọn tó kúrú kì í fún ẹ̀tù ní àyè láti jó tán lẹ́yìn ọta, nítorí náà agbára rẹ̀ kéré. Kò sì sí ìdí tó ń ti èjìká láti mú kí ọwọ́ dúró. Ìbọn gígùn ń kó ọta wẹ́wẹ́ jọ, ó ń gbé wọn jìnnà, ó sì ń jẹ́ kí ojú ọdẹ rí ibi tí ó dojú kọ.

Ìdí kejì wà nínú bí apátí ṣe ń ṣiṣẹ́. Apátí ni irin tó di òkúta mú. Bí ìka bá fa irin ìsàlẹ̀, apátí á fò síwájú, òkúta á gbá irin, iná á ta sínú ẹ̀tù kékeré tó wà lóde, èyí á sì gba ojú ihò wọlé lọ tanná ran ẹ̀tù inú. Ìgbésẹ̀ wọ̀nyí gba àkókò, bó tilẹ̀ kéré. Láàrin ìgbà tí èéfín àkọ́kọ́ yọ àti ìgbà tí ìbọn dún, awó ti lè sún kúrò ní ojú rẹ̀. Ọdẹ tó ní ìbọn gígùn lè fi ara balẹ̀ di ìbọn mú títí yóò fi dún. Ọwọ́ tó di ìbọn ìléwọ́ mú á ti gbọ̀n.

Nítorí náà, ọdẹ kì í lé awó. Ó máa ń lọ dúró dè é ni. Á wá igi tí agbo ń sùn sí, èyí tí ìgbẹ́ àti ìyẹ́ alámì tóótòòtó abẹ́ rẹ̀ máa ń fi hàn. Tàbí á ba síbi omi ní àárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn tó ń dọdẹ lóru á de iná kábáìdì mọ́ orí, kí tọ́ọ̀ṣì tó gba ipò rẹ̀. Ọta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo lè mú ẹyẹ méjì tàbí mẹ́ta lórí ẹ̀ka. Bí ó bá tàsé, kò tún sí ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé agbo ti fò lọ kí ó tó tún un kì. Ẹ̀kọ́ sùúrù tí àwọn ọdẹ fi ń yangàn kò ṣẹ̀yìn irú ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ìpàdé Brussels ní 1890

Bí ọ̀ràn náà bá mọ sí àṣà nìkan ni, ọdẹ Òsì àti Ìlọ́fà ì bá ti ju ṣakabùlà nù ṣáájú ọdún 1900. Ìbọn tó sàn jù ú lọ ti dé itòsí wọn. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò sì tú ká tán títí di 1893, Èkìtì Parapọ̀ tí Ògèdèngbé ṣe balógun fún ra ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn, nípasẹ̀ àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó. Ìbọn wọ̀nyí yá jù ṣakabùlà lọ, wọ́n sì ń gbé ọta jìnnà. Ìlọrin náà wà nínú ogun yẹn ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí pé ó bá Ìbàdàn jà ní Ọ̀fà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mọ ìbọn tuntun, tàbí pé wọn kò fẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1890, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà Kírìjì, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels lórí òwò ẹrú. Wọ́n fi ìbọn kún un. Àdéhùn náà dí ọ̀nà ìbọn tuntun àti ọta rẹ̀ sí apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù. Èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀, tí wọ́n gbà kí wọ́n máa tà lábẹ́ òfin, ni ìbọn olókùúta tí ojú rẹ̀ kò ní ìlà nínú, ìyẹn ṣakabùlà. Ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé ìbọn ń ran òwò ẹrú àti ogun abẹ́lé lọ́wọ́. Òótọ́ wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n òótọ́ kejì ni pé àwọn tó fọwọ́ sí i ń múra láti gba ilẹ̀ náà. Ní 1892 wọ́n fi ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ní 1897 ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company fi irú rẹ̀ ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n dá Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1900, Òsì, Òpin àti àwọn ìlú Èkìtì tó wà lábẹ́ Ìlọrin bọ́ sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n kúrò lára àwọn ará wọn tó wà ní gúúsù. Ibẹ̀ ni orúkọ Òsì-Ìlọrin ti wá.

Láti ìgbà náà, Birmingham ń bá a lọ láti rọ ìbọn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti fi sílẹ̀ tipẹ́, kìkì nítorí pé Áfíríkà ni ọjà rẹ̀ wà, Áfíríkà kò sì gbọdọ̀ ní òmíràn. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó kan wá dé lẹ́yìn èyí, tí wọ́n rí ọdẹ tó ń ki ìbọn láti ẹnu, wọ́n pè é ní àmì ìfàsẹ́yìn. Ẹ̀gàn yẹn ti pẹ́ jù nínú ìwé.

Òfin Ìbọn ti 1959

Òfin tó ń darí ìbọn ní Nàìjíríà títí di òní ni Òfin Ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, tó wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè ti 2004. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ọ̀wọ́ kẹta ni ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti ìbọn onídìí bébà. Ìwé àṣẹ tí ọdẹ nílò fún wọn kò le púpọ̀. Ọ̀wọ́ kejì ni ìbọn ọdẹ ti òde òní, tí àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ọ̀wọ́ kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀: àgbá, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ológun. Inú ọ̀wọ́ kìíní yìí ni wọ́n fi gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí, wọ́n sì dárúkọ ìléwọ́ olókùúta ní pàtó. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún ènìyàn ní àṣẹ rẹ̀.

Àbájáde èyí yani lẹ́nu. Ìbọn méjì tí wọ́n rọ ní ọdún kan náà, ní ilé-iṣẹ́ kan náà, tí apátí wọn rí bákan náà: ọ̀kan gùn, ọdẹ lè gbé e lọ sóko pẹ̀lú ìwé àṣẹ, èkejì kúrú, ó sì bá bọ́ǹbù dọ́gba lójú òfin. Òye tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro láti rí, nítorí pé ohun tó ṣe é fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ ni adigunjalè ń wá. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ya ohun ogún sọ́tọ̀. Ìdílé tí ìléwọ́ baba ńlá wọn ṣì wà nídìí Ògún, tí ìpata ti jẹ ojú rẹ̀, tí kò lè yìn mọ́, ṣì wà nínú ewu, nítorí pé òfin ka ẹ̀yà ara ìbọn pàápàá mọ́ ìbọn. Òfin mìíràn tí ìjọba ológun ṣe ní 1984 fi owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì, lé ẹni tó bá ní ìbọn láìgba àṣẹ. Àwọn àgbà ló sọ pé ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ni yóò gbà kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Lójú òfin yìí, ìbọn lápátí, kò lápátí, ẹni tó ni ín ni yóò dá a lóhùn.

Èyí ló fà á tí àwọn ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ń fi ń pòórá. Àwọn tó bẹ̀rù ọlọ́pàá á rì í mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e fún alágbẹ̀dẹ láti yọ́. Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé Èsìẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1945, kò jìnnà sí Òsì. Bí òfin bá lè fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní agbára láti gba ìbọn àtijọ́ lọ́wọ́ ìdílé láìbi wọ́n ní ìbéèrè, ohun tí àwọn agbẹ́gilére ń wò gbẹ́ ère kò ní parun pátápátá.

Igbó náà lónìí

Awó kò tíì parun. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀dá inú igbó ní àgbáyé kò kà á mọ́ ẹyẹ tó wà nínú ewu, nítorí pé ó pọ̀ ní ọ̀dàn Áfíríkà. Ọdẹ ló ń fà sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ẹyẹ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Koro ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, wọ́n pa Olúkòró, wọ́n sì gbé olorì lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kọlu ìjọ Kristẹni kan ní Eruku, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, wọ́n pa ènìyàn níbẹ̀, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọ inú igbó kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Inú igbó tí ọdẹ ti ń dúró de awó ni àwọn wọ̀nyí ń gbà. Àwọn ọdẹ àti fijilanté ni ìlú kọ́kọ́ ń ké sí, nítorí pé àwọn ló mọ ọ̀nà ibi omi àti ihò inú àpáta.

Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ki dáadáa yóò lo nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú kí ó tó lè yin ọta kejì, bí ẹ̀tù rẹ̀ kò bá tutù. Ìbọn AK-47 ń gbé ọta 30 nínú àpò kan, ó sì lè yin gbogbo rẹ̀ tán láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.